Má Tíì Gba Ọmú Lẹ́nu Ọmọ

Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún mi pé òun ò jowú rí. Èmi Hàlímọ̀, ìyá Àkíbù, mo jowú, mo sì jẹ ẹ́ yó. Lọ́dún 1988 tí Búrẹ́mọ̀ ọkọ mi gbé Mùnírátù wọlé wa ní Igangan, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n gbé èmi jáde. Ọmọ náà pupa, eyín rẹ̀ funfun, gbogbo ayé ló ń rẹ́rìn-ín sí. Ẹ̀rín kí ni? Wọ́n ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì kì í dénú obìnrin. Tèmi ò tilẹ̀ dé ètè.

Bá a ṣe ń ṣe é ni pé ẹni tó bá ń dáná fún ọkọ lọ́sẹ̀ kan, yàrá tirẹ̀ ni ọkọ ń sùn. Bó bá di ọ̀sẹ̀ Mùnírátù, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ìgbà tó bí Wúràọlá ni ara tó tù mí, torí nílé wa, obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú kì í sún mọ́ ọkọ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ wá di tèmi.

Wúràọlá pé ọdún kan àtààbọ̀, Mùnírátù ní òun fẹ́ gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Mo fò dìde.

"Há! Ṣé o fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni? Má tíì gba ọmú lẹ́nu ọmọ o! Ọdún mẹ́ta ni àwọn ìyá wa ń fọ́mọ lọ́mú."

Irọ́ ni. Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta ni èmi fún Àkíbù lọ́mú. Mùnírátù wò mí títí, ó ní, "Ó dáa, ìyáálé mi."

Ìgbà yẹn ni ọkọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi lọ́rì kó iṣu lọ sókè Ọya. Ó lè lo oṣù kan gbáko lójú ọ̀nà. Àwọn obìnrin tó ń bá pàdé níbẹ̀, n ò bi í. Ṣáà ti padà sọ́dọ̀ mi, ó tán.

Lọ́dún 1993, Wúràọlá ò tíì kúrò lẹ́nu ọmú nígbà tí ibà gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. A gbé e dé ọsibítù n'Ígbó-Ọrà, ọkọ wa ká apá aṣọ sókè, ó ní kí wọ́n fa tòun. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, wọn ò gbà á. Fọlábí, àbúrò Mùnírátù, ló wá láti Ayétẹ̀ wá fún ọmọ lẹ́jẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwa ìyàwó méjèèjì wò. Nọ́ọ̀sì Rosaline pè wá wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Kòkòrò éèdì wà lára ọkọ wa. Ó wà lára mi. Kò sí lára Mùnírátù.

Ọkọ wa bú sẹ́rìn-ín. "Èmi tí mo ń gbé àpò gààrí méjì lẹ́ẹ̀kan?"

"Kòkòrò náà kì í kánjú ni, bàbá," Nọ́ọ̀sì ní. "Bí ọkùnrin àti obìnrin bá sùn pọ̀ ló ń gbà wọlé, tàbí kí ó gba inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn sójà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń bá àìsàn jà. Inú sójà yẹn gan-an ló ń wọ̀. Á gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́, á máa fi ìkòkò rẹ̀ se oúnjẹ fọ́mọ tirẹ̀, títí onílé á fi kú. Àwọn ọmọ náà á tún lọ wá sójà mìíràn. Ó lè tó ọdún márùn-ún, ó lè tó mẹ́wàá, kí ara yín máa dán. Ọjọ́ tí sójà bá kù díẹ̀, ikọ́ lásán, ìgbẹ́ gbuuru, egbò ẹnu, gbogbo wọn á máa rí yín gbéṣe. Ìgbà yẹn la ń pè é ní éèdì."

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, orogún lẹ ń júwe yẹn." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: kì í ṣe ikú ló kọ́kọ́ dùn mí. Owú ni. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé tirẹ̀ ló mọ́? Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n tún un yẹ̀ wò, ó tún mọ́. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí mo jí mọ́ ọn lọ́wọ́ ni mo fi gba àìsàn sára.

Ọkọ wa rù, ó rù, ó kú lọ́dún 1997. Ó wá kàn mí. Egbò bo ẹnu mi, ẹ̀kọ tútù nìkan ló ń lọ. Àwọn ẹbí mi ń ti ẹnu ọ̀nà kí mi, wọ́n ń fi ìborùn bo imú. Mùnírátù ló ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń fi ṣíbí fún mi lẹ́kọ. Àkíbù ọmọ mi ti ń pè é ní màámi. Mò ń gbọ́, ó sì ń ta mí lára.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, n ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Mùnírátù, ọmú tí mo ní o má tíì gbà lẹ́nu Wúràọlá, kì í ṣe torí ọmọ. Owú ni."

Ó ń po ẹ̀kọ. "Mo mọ̀, ìyáálé mi. Ìyá mi ti sọ fún mi nígbà náà pé irọ́ ni."

"Kí ló wá dé tó o fi gbà?"

"Bó bá ti di ọ̀sẹ̀ tèmi, mo máa ń gbọ́ ẹkún yín láti yàrá kejì. Mo ní kí n yọ̀ǹda ọkọ fún yín díẹ̀, bóyá ara á tù yín."

Ó gbé ṣíbí sókè. Mo la ẹnu.