Píìṣì fún Màámi

Àwọn méjèèjì ló lágídí, ẹ má jẹ́ ká parọ́. Àlájà Mùlíkátù tó ń gbé Ẹ̀pẹ́ lágídí, Rọ̀kíbátù ọmọ rẹ̀ tó ń gbé Ìpakodò ní Ìkòròdú náà lágídí. Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ò ju pé Rọ̀kíbátù lọ fẹ́ Nathaniel, ọmọ Ìlàjẹ tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, Kìrìsìtẹ́nì pọ́ńbélé. Àlájà ò ṣépè, kò sì pariwo. Ó kàn sọ pé òun ò ní jẹ oúnjẹ tó bá ti ilé yẹn wá, ó parí. Rọ̀kíbátù fi ẹja yíyan ránṣẹ́, ẹja padà wá. Ó gbé mọ́ínmọ́ín lọ fúnra rẹ̀ nígbà ààwẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá a padà fún un, wọn ò tiẹ̀ ṣí ọmọrí rẹ̀ wò. Láti ìgbà náà, ọwọ́ òfo ló fi ń lọ kí ìyá rẹ̀. Á jókòó díẹ̀, á béèrè àlàáfíà, á dìde. Ọdún ń gorí ọdún. Ẹ wo irú ìyà tí èèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ fi jẹ ara rẹ̀!

Ìgbà tó yá ni àìsàn dé. Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ni dókítà pè é. Ẹ̀kọ mímu nìkan ló kù tó ń wọlé sí Àlájà lẹ́nu, òun náà díẹ̀díẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí, tí oòrùn ń mú bí ẹni pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè, Tìrìmísíyù, àbúrò Rọ̀kíbátù tó ń tọ́jú ìyá wọn, pè é lórí fóònù.

"Àǹtí mi," ó ní, "Màámi ń wá nǹkan kan jẹ."

Rọ̀kíbátù fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Èso ló ń gé tà ní Ìtamága, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. "Kí ni wọ́n ń wá?"

"Èso kan ni. Wọ́n ní àwọn jẹ ẹ́ ní Mẹ̀dínà nígbà tí àwọn lọ Hájì. Ara ẹ̀ ní irun wẹ́wẹ́, inú ẹ̀ pọ́n, kóró kan ṣoṣo ló ní. Mo wá àwòrán ẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ní òun gan-an ni. Píìṣì ni wọ́n ń pè é."

"Ṣé èmi ni wọ́n ní kí n gbé e wá?"

"Wọ́n ṣáà ní ẹnu àwọn ń wá a."

Píìṣì kì í ṣe èso ilẹ̀ wa. Gbogbo àwọn tó ń ta ápù ní Ìtamága ni Rọ̀kíbátù bi, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan na èyí tó wà nínú agolo sí i. Agolo kẹ̀? Èyí tí wọ́n ti fi ṣúgà pa! Níkẹyìn ó rí tútù rẹ̀ nínú fíríìjì sùpámákẹ́ẹ̀tì kan, òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá. Ó gbé wọn sí imú lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tí wọ́n ti já kúrò lára igi, torí èyí tí ò bá ti ta sánsán níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó, omi lásán ni. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n wò jẹ́jẹ́. Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ń wò ó bí olè.

Ó ra ọ̀bẹ tuntun, ó ra abọ́ tuntun, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n ti fi gé ẹlẹ́dẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ Nathaniel kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ o. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó da omi gbígbóná sórí àwọn píìṣì náà, ó kó wọn sínú omi yìnyín, awọ wọn sì ń bọ́ wọ́lọ́wọ́lọ́. Ó gé wọn wẹ́wẹ́, ó tún gé wẹ́wẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, nítorí ọ̀fun Màámi. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó má baà dúdú. Ó gé ìbẹ́pẹ tó rọ̀ dáadáa, ó ṣa kóró inú wọtamẹ́lọ̀nì títí ojú fi ń ro ó. Kò fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i, torí ìyẹn máa ń ta ọ̀fun. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló gé kẹ́yìn. Ó bu omi ọsàn lé gbogbo rẹ̀, ó rò ó pọ̀, ó sì gbé abọ́ náà sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín.

Nathaniel yọjú sí kíṣìnnì. "Ṣé kí n tọ́ ọ wò?"

"Má fọwọ́ kàn án!" Rọ̀kíbátù pariwo mọ́ ọn, ojú sì tì í lójú ẹsẹ̀.

"Ó yé mi," ni Nathaniel wí. "Bá mi kí wọn."

Orí itan ni kúlà náà wà láti Ìkòròdú títí dé Ìtòkín, láti Ìtòkín títí wọ Ẹ̀pẹ́. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ló ń tún sọ nínú ara rẹ̀. Màámi, mo gé èso wá fún yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi jẹ ẹ́. Kí ló le níbẹ̀? Kò sí nǹkan kan tó le níbẹ̀.

Àlájà ti gbẹ. Orí ẹní ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fara ti ògiri, ìborùn rẹ̀ ti tóbi jù fún un. Ó dáhùn ìkíni ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì lọ sára kúlà.

"Kí ló wà nínú ìyẹn?"

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ tó ti ń tún sọ láti Ìkòròdú kọ̀, kò jáde. Mọ́ínmọ́ín ọjọ́sí ló wá sí i lọ́kàn. Àyà rẹ̀ já pé wọ́n á tún dá a padà, àti pé lọ́tẹ̀ yìí, òun ò ní lè gbé e. Ohun kan ṣoṣo ló wà tí Àlájà ò dá padà rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Sàárà ni, Màámi," ó ní. "Mo ní kí n fi ṣe sàárà fún àlàáfíà yín."

Háà, Rọ̀kíbátù! Ọmọ tí wọ́n bí sí agboolé yẹn, tó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ń ṣe sàárà fún àlàáfíà rẹ̀ kì í fẹnu kàn án nílé wọn! Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jáde lọ bá àwọn ọmọdé àti aláìní. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó rántí.

Àlájà wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé ojú kúrò. "Ọlọ́run á gbà á," ó ní. "Tìrìmísíyù, lọ pe Ááfà. Ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ kéwú wá."

Àwọn ọmọ náà dé pẹ̀lú ariwo. Ááfà ṣe àdúà, gbogbo wọn ṣe àmín. Ọwọ́ Rọ̀kíbátù fúnra rẹ̀ ló fi ń bu èso fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lanu láti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe àdúà sí i. Ta ni yóò wá sọ níwájú Ááfà pé irọ́ lòun fi àlàáfíà ìyá òun pa?

"Èyí tó pọ́n yẹn ńkọ́?" Àlájà béèrè.

"Píìṣì ni, Màámi."

"Hẹn-ẹn." Ó ń wo ẹnu àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ó gbé itọ́ mì, ó sì dùn ún débi tí ojú rẹ̀ fi kó jọ.

Nígbà tí àwọn ọmọ lọ tán, tí abọ́ ti gbẹ, Àlájà pè é. "Rọ̀kíbátù."

"Màámi."

"Mo rò pé èmi lo gé e fún ni."

Rọ̀kíbátù bú sẹ́kún. "Ẹ̀yin ni, Màámi! Ẹ̀yin ni mo gé e fún! Ẹ̀rù ló ń bà mí pé ẹ máa tún dá a padà."

Ìyá náà juwọ́ sí i pé kó sún mọ́ òun. Ọ̀rọ̀ sísọ náà ti di iṣẹ́ fún un. "Èmi ni mo fà á," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá bí n ṣe máa pè ọ́. Ojú ń tì mí. Èso ni iṣẹ́ ẹ, ni mo bá ní ẹnu mi ń wá èso." Ó mí kanlẹ̀. "Má sunkún mọ́. Lọ gé òmíràn wá. Ìwọ ṣáà ní kí n jẹ ẹ́, mo máa jẹ ẹ́."

Ayọ̀ tí Rọ̀kíbátù gbé padà sí Ìkòròdú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò ní irú rẹ̀ mọ́ láyé. Ó gba sùpámákẹ́ẹ̀tì lọ, ó kó gbogbo píìṣì tó kù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti ń bó wọn, tó ń gé wọn, tó ń rẹ́rìn-ín sí ọkọ rẹ̀. Nathaniel ló gbé kúlà náà dé ibùdókọ̀ fún un.

Ó ti kọjá Ìtòkín kí Tìrìmísíyù tó pè. "Àǹtí mi, ẹ ti dé ibo?"

"Mi ò ní pẹ́ dé mọ́. Màámi ńkọ́? Ṣé wọ́n ti jí?"

"Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Kò sí ẹni tó dàgbà láàárín wa tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún un tí wọ́n bá ní "ẹ ṣáà máa bọ̀". Rọ̀kíbátù mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ ó bẹ dírẹ́bà pé kó tẹ̀ ẹ́, pé yìnyín òun ti ń yọ́.

Wọ́n ti to ìjókòó síwájú ilé nígbà tó dé. Àwọn ọkùnrin dúró ní méjì-méjì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ohùn kéwú sì ń jáde láti inú ilé. Obìnrin àdúgbò kan tó rí i wá pàdé rẹ̀, ó dì mọ́ ọn, ó ní "ẹ kú àṣẹ̀yìndè Àlájà." Ó wá di ọwọ́ kúlà mú.

"Gbé e wá, jẹ́ ká pín in," ó ní. "Ọlọ́run á gba sàárà náà, á fi kẹ́ wọn."

Rọ̀kíbátù ò jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Kì í ṣe sàárà," ó ní. Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé àwọn tó ń kéwú nínú ilé dákẹ́. "Kì í ṣe sàárà! Ìyá mi ni mo gé e fún. Wọ́n ní àwọn máa jẹ ẹ́."

Obìnrin náà yọwọ́ lára kúlà, kò sì mọ ibi tí yóò wò.