Òdo Tí Ẹ̀bùnọlá Fọkàn Tán

Ẹ̀bùnọlá ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kan ní Adébáyọ̀, l'Ádó-Èkìtì. Ohunkóhun tí dókítà bá kọ sínú rẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ẹ̀ka wọn ní Ìgbẹ́mọ kíákíá. Kó lè mọ̀ bí ẹ̀dà bá ń fà sẹ́yìn, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nọ́ńbà kan sójú kọ̀ǹpútà tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá tí Ìgbẹ́mọ fi wà lẹ́yìn. Bó bá ti jẹ́ òdo, kò séwu.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, pè é pé òun ń lọ fi egbò kékeré kan han nọ́ọ̀sì ní Ìgbẹ́mọ. Àyà Ẹ̀bùnọlá já. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n gún bàbá ní pẹnisílíìnì l'Ádó nítorí ọ̀nà ọ̀fun, tí ètè rẹ̀ wú, tí kò lè mí dáadáa. Dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ fún un mọ́ láé. Bàbá fúnra rẹ̀ kò mọ orúkọ abẹ́rẹ́; abẹ́rẹ́ ni gbogbo abẹ́rẹ́ lójú tirẹ̀. Ẹ̀bùnọlá wo nọ́ńbà. Òdo ni. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì kọjú sí ẹ̀wà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òdo náà kò mira. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ìyá ọlọ́mọ máa ń wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ńbà a sì máa fò sí mẹ́ta, sí márùn-ún, kó tó padà. Ìgbà náà ló rántí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ: bí Ìgbẹ́mọ kò bá dáhùn rárá, kó kọ òdo.

Ó pe Màmá Olúwaṣeun, nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì wà lára iná?"

"Rárá o. Òjò ṣú ní Mọ́ńdè, mo yọ ọ́ kí àrá má bàa jó o. Mo gbàgbé ẹ̀ ni."

Ta ni yóò bá a jà? L'Ékìtì, bí ojú ọ̀run bá ti dúdú, gbogbo ilé ló ń yọ nǹkan kúrò lára iná.

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà níwájú mi. Mo ti fa pẹnisílíìnì wọn. Kọ̀ǹpútà ò sọ pé wọn ò gbọdọ̀ gbà á."

"Ẹ má gún wọn, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ nù."

Ó gbọ́ tí nǹkan ró nínú abọ́ irin. Bàbá jókòó síbẹ̀, kò bèèrè nǹkan kan. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò wí fún tíṣà àgbà? Màmá Olúwaṣeun ki ẹ̀rọ padà sára iná. Nọ́ńbà ńlá kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ju ọ̀kẹ́ mẹ́wàá lọ, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀bùnọlá bú sẹ́kún.

Bàbá gba fóònù. "Ẹ̀bùn, kí lo ń sunkún sí? Wọ́n ti dà á nù."

"Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín, Bàbá."

"Ìwọ kọ́. Egbò yìí ti lé ní oṣù kan. Lọ́jọ́ tí o jókòó tì mí lọ́dọ̀ dókítà, mo fi ṣòkòtò bò ó. Bí o bá pè mí, mo ń sọ pé ara le, kí o lè rójú ṣe uṣẹ́ rẹ."

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Ó ń dùn mí gan-an, ọmọ mi. Wá sí ulé."