Ìtanràn Lórí Ọkọ̀ Tó Ń Wọ́ Bí Ìgbín

Bí ẹ bá rí ẹni tó mọ ọkọ̀ wà dáadáa nílùú náà, Ọ̀gá Dígí ló kọ́ ọ. Bí kì í bá ṣe òun, a jẹ́ pé ẹni tí òun kọ́ ló kọ́ ọ. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló fún un, nítorí pé kí ọkọ̀ tó mira rárá, á ti figbe ta: "Dígí! Wo dígí!" Igbe yìí ti wọ àdúgbò lára débi pé àwọn tí kò ní kẹ̀kẹ́ pàápàá á kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn kí wọ́n tó fo gọ́tà ojúlé wọn.

Ọkùnrin náà fẹ́ràn ara rẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn. Láti ìgbà tó ti ń wakọ̀, ìjọba ò rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀ rí, àlejò kan ò sì lè mu omi tán nílé rẹ̀ kó má gbọ́ èyí. Ó kọ ọ́ sára ògiri ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà: A KÒ SAN ÌTANRÀN RÍ. Ìdí iṣẹ́ rẹ̀ náà sì ni, torí òfin sọ pé olùkọ́ ìwakọ̀ tó bá jẹ̀bi lójú títì, wọ́n á gba ìwé àṣẹ ìkọ́ni lọ́wọ́ rẹ̀ fún odidi ọdún kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìwé ìjọba wọlé. Ó kà á, ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún un kà.

"Ìyá wọn!"

Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní yàrá kejì. Aránṣọ ni, ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ ni aago ilé wọn. Ẹ̀rọ náà dákẹ́. "Kí ló dé, Bàbá wọn?"

"Wọ́n ní mo falẹ̀ jù!"

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ìjọba! Wọ́n ní ọkọ̀ mi ń wọ́ bí ìgbín lójú títì márosẹ̀, ó ń dí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Èmi! Bí wọ́n bá ní mo sáré, mo lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ní mo falẹ̀? Ṣé wọ́n fẹ́ fi mí wé Jẹ́jẹ́ ni?"

Jẹ́jẹ́ ni olùkọ́ ìwakọ̀ kejì tó wà ní òdìkejì títì. Ohun tó kọ sójú pátákó tirẹ̀ ni pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló máa ń wakọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin sórí, wọ́n á na ọrùn síwájú títí imú wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Bí Ọ̀gá Dígí bá rí ọ̀kan nínú wọn lójú ọ̀nà, á mi orí, á ní kí Ọlọ́run ṣàánú ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó wo ọjọ́ tó wà nínú ìwé náà, inú rẹ̀ sì dùn lójijì. Ọjọ́ yẹn gan-an ló ku ọ̀la kí wọ́n tú báńdéèjì ojú rẹ̀! Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un, wọ́n di ojú ọ̀tún pa, wọ́n sì fún un ní oògùn ìrora tó kùn ún lóorun bí ọmọ ọwọ́. Kò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Báwo lẹni tó ń hanrun nílé ṣe máa wà lójú márosẹ̀?

"Mo ti mọ̀ ọ́n," ló wí. "Olè kan ló kọ nọ́ńbà ọkọ̀ mi sára tirẹ̀."

"Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká san owó náà ká simi," ni ìyàwó rẹ̀ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kò tó nǹkan."

"Ká san kí ni? Ẹni bá sanwó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ìwé àṣẹ mi ńkọ́?"

"Mi ò rántí ti ìwé àṣẹ. Ó ní nǹkan kan tí mo fẹ́ sọ fún yín..."

"Má sọ nǹkan kan, jọ̀ọ́. Àánú rẹ ti pọ̀ jù. Ilé ẹjọ́ ìrìnnà ló máa parí rẹ̀."

Obìnrin náà padà sídìí ẹ̀rọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀mejì ló tún gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ rẹ̀ já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀gá Dígí ti gbé ìjà wọ̀ bí ẹ̀wù. Ó ń yí gbogbo ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ká, ó ń bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ńbà ẹni ẹlẹ́ni, títí obìnrin kan fi bi í pé ṣé ó sọ nǹkan nù sábẹ́ ọkọ̀ òun ni. Lálẹ́, á máa rìn ní pálọ̀, á máa fi ìka ka ohun tó fẹ́ wí fún ilé ẹjọ́. Nǹkan kan ò tíì dùn mọ́ ọn tó báyìí láti ọjọ́ tó ti fẹ́yàwó.

Yàrá ìgbẹ́jọ́ náà ò tóbi. Àga oníke dúró láwọn ìlà, ẹ̀rọ omi tútù ń ró ní igun, tẹlifíṣọ̀n ńlá kan sì wà lára ògiri. Adájọ́ náà jẹ́ obìnrin tó fi okùn so awò mọ́ ọrùn, ó sì ń fi sùúrù gbọ́ tẹnu èèyàn. Akọ̀wé ìjọba tó wá ro ẹjọ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ìyàwó Ọ̀gá Dígí jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó di báàgì rẹ̀ mú gírígírí.

Akọ̀wé fi àwòrán kan hàn lára ògiri, ẹ̀yìn ọkọ̀ lásán. Nọ́ńbà Ọ̀gá Dígí ni lóòótọ́. "Òfin wa ò le," ó wí. "Ẹni tó bá ni ọkọ̀ ló ni ẹ̀bi."

Àánú akọ̀wé yẹn ṣe mí, torí kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Dígí dìde.

"Olúwa mi," ó wí fún adájọ́, "mi ò bá ìjọba du títì. Ìjọba ló yọ́ ọ̀dà sí i, ìjọba ló gbé iná sí i. Bí mo bá ṣẹ̀, kí wọ́n nà mí. Ṣùgbọ́n ìjọba wo ló máa wo ẹ̀yìn ọkọ̀, kó sì dá ẹni tó ń sùn nílé lẹ́bi? Bí ẹnìkan bá fi ọ̀bẹ mi gé okùn ẹlẹ́ran, ṣé èmi ni mo jí ẹran ni? Ìwé dókítà mi nìyí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń wí yìí, wọ́n ti di mí lójú!"

Àwọn tó jókòó lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín, ọkùnrin kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Adájọ́ ka ìwé dókítà náà, ó yíjú sí akọ̀wé.

"Bàbá jàre. Mi ò lè fi ẹ̀yìn ọkọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣé kámẹ́rà yín ò ya iwájú ni?"

"Ó yà á, mà. A kì í sábà fi hàn ni."

"Ẹ fi hàn!" Ọ̀gá Dígí ti tún gbà á sọ. "Ẹ̀tọ́ mi ni! Ẹ jẹ́ kí gbogbo ayé rí ojú olè!"

Ìyàwó rẹ̀ fa etí agbádá rẹ̀. "Bàbá wọn, ẹ jókòó, mo bẹ̀ yín."

"Fi mí sílẹ̀, jàre. A ti borí."

Akọ̀wé tẹ kọ̀ǹpútà. Àwòrán iwájú ọkọ̀ yọ, ó gba gbogbo ògiri. Obìnrin kan ló wà nídìí sítíárì, ó na ọrùn síwájú, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ó so ìborí aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi òwú funfun gbá létí. Ọ̀gá Dígí mọ ìborí náà. Ó mọ ẹni tó gbá etí rẹ̀, ó sì mọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbá a.

Oògùn tí wọ́n máa ń kán sí ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ rántí. Ìrora jí i lọ́jọ́ yẹn, ó ní oògùn ti tán, ó sì tún sùn lọ. Nígbà tó jí, ìgò tuntun ti wà létí bẹ́ẹ̀dì. Ilé oògùn tó ń tà á, òpin márosẹ̀ ló wà. Kò bi ìyàwó rẹ̀ rí pé báwo ló ṣe débẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ ẹni yìí?" adájọ́ bi í.

Ọ̀rọ̀ ò le rárá. Kó ṣáà sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n, ẹjọ́ á tú ká, ìwé àṣẹ rẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó kọ sára ògiri ò sì ní yí padà. Tàbí kó dárúkọ ìyàwó rẹ̀, òun á mórí bọ́. Ṣùgbọ́n kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ na ìka sí obìnrin tó tìtorí ojú òun kó sí wàhálà? Ojú tì í. Ìfẹ́ obìnrin náà gbà á lọ́kàn lójú gbogbo èèyàn, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Inú sì ń bí i díẹ̀ nítorí ọrùn nínà yẹn, torí ó mọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni bẹ́ẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n," ó wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo gba ohun tí akọ̀wé wí. Èmi ni mo ni ọkọ̀, ẹ kọ ẹ̀bi náà sí mi lọ́rùn."

"Ìwé àṣẹ ìkọ́ni yín ńkọ́?"

"Kó máa lọ."

Ìyàwó rẹ̀ ti dìde. "Ẹ jókòó, Bàbá wọn. Ẹní bímọ ọ̀ràn ní ń pọ̀n ọ́n." Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó fa káàdì tuntun kan yọ, ó gbé e síwájú adájọ́. "Èmi ni mo wà á, mà. Láísẹ́ǹsì mi nìyí. Mo gbà á ṣáájú kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn."

Adájọ́ wo káàdì, ó wo ògiri, ó wo tọkọtaya náà. Ẹ̀rín fẹ́ gbà á, ó fi ìwé bo ẹnu.

"Ìyá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń rìn bẹ́ẹ̀ lójú márosẹ̀?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi náà nìyẹn. Tírélà kan ń fọn fèrè lẹ́yìn mi, mo ní kó máa gba orí mi kọjá."

Gbogbo yàrá tún bú sẹ́rìn-ín, akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín. Adájọ́ kọ̀wé fúngbà díẹ̀. Ó ní Bàbá ò jẹ̀bi. Ó ní ti Ìyá jẹ́ àkọ́ṣẹ̀, ìkìlọ̀ ni òun máa fi ṣe, kò sí ìtanràn, ṣùgbọ́n olùkọ́ kan gbọ́dọ̀ mú un lọ sójú márosẹ̀, kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ níbẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i.

"Olùkọ́ wo lẹ fẹ́?"

Ká sọ òótọ́, ìbéèrè yìí ba Ọ̀gá Dígí lẹ́rù ju ti ìwé àṣẹ lọ. Ìyàwó rẹ̀ so ìborí rẹ̀ le, ó wo ọkọ rẹ̀ látòkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wọn aṣọ fún un.

"Wọ́n ní Bàbá yìí mọ̀ ọ́n kọ́," ó wí níkẹyìn. "Bí wọn ò bá ní pariwo mọ́ mi."

Nígbà tí wọ́n dé ìdí ọkọ̀ níta, Ọ̀gá Dígí yọ kọ́kọ́rọ́, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò fi sọ fún mi pé o fẹ́ kọ́ ọkọ̀?"

"Mo sọ fún yín. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ẹ̀rọ ìránṣọ tó mi í wà."

Ó rántí. Ìdí oúnjẹ ni wọ́n wà, àwọn àlejò wà níbẹ̀, òun ló sì rẹ́rìn-ín jù.

"Má bínú," ó wí. "Ohun tí mo ṣe ò dáa." Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i.

Obìnrin náà jókòó sídìí sítíárì, òun jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọkọ̀ ìkọ́ni ni, bíréèkì kejì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ olùkọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń wá a kí wọ́n tó jáde ní gééètì. Wọ́n wọ márosẹ̀. Ọrùn tún bẹ̀rẹ̀ sí í nà síwájú.

"Fẹ̀yìn tì," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ọ̀nà ò ní sá lọ. Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ó dáa."

Ọkọ̀ gbéra. Afẹ́fẹ́ wọlé, ó fẹ́ etí ìborí rẹ̀, obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín sókè bí ọmọdé. Ọ̀gá Dígí ká ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò lórí bíréèkì, ó kó wọn sábẹ́ àga. Ó fẹ̀yìn tì, ó dijú bí ẹni tó ń sùn.

Nígbà tí wọ́n dé àdúgbò wọn, ó mọ̀ ọ́n lára. Ó gbọ́ tí ọkọ̀ rọra falẹ̀ lójúlé wọn, ó retí kó dúró. Kò dúró. Ó tún gbéra, ó yí padà sójú títì. Ọ̀gá Dígí ò lajú, kò sì figbe ta pé kó wo dígí.