Ìdọ̀tí Ara Ilẹ̀kùn Oníbúrẹ́dì

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi parọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi nípa iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Irọ́ náà kò tóbi. Mo sọ fún un pé ayàwòrán ni mí ní ọgbà ìgbafẹ́ ńlá tí wọ́n ń kọ́ sẹ́yìn ìlú, pé àwa la ń kun ìlú àtijọ́ kan tí wọ́n fẹ́ kí àwọn àlejò máa rìn kiri nínú rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Ohun tí mi ò sọ ni pé ìdọ̀tí ni mò ń kùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé orí mi dàrú. Tuntun ni gbogbo ìlú yẹn. Sìmẹ́ńtì ni ògiri rẹ̀, sìmẹ́ńtì tí wọ́n gbẹ́ bíi pákó àti bí òkúta. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ọgbà náà fẹ́ sọ ni pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn èèyàn ti ń gbé ibẹ̀ létí èbúté, àti pé ṣe ni gbogbo wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ wo ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀, wọn ò ní í pẹ́ dé. Nítorí náà, tí àwọn bíríkìlà bá ti kọ́lé tán, èmi ni mo máa ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Màá po ọ̀dà mọ́ omi títí á fi ṣàn bíi tíì, màá fi kànrìnkànrìn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, màá wọ́n ọn sí ìsàlẹ̀ bí ẹrẹ̀ tí òjò ta, màá sì fa ìdógùn-ún gba abẹ́ gbogbo ìṣó. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ilé tuntun á ti gbó. Mi ò gbéra ga o, àmọ́ mo mọ iṣẹ́ yẹn.

Báwo ni mo ṣe máa wá sọ ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n mi? Iṣẹ́ ìmọ́tótó ló ń ṣe láti ìgbà tí ìyá wa ti kú. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà, èmi jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Ilé ìwòsàn, ọ́fíìsì, iléèwé, kò síbi tí kò nù. Ọwọ́ rẹ̀ bó nínú omi ọṣẹ kí èmi tó lè lọ kọ́ṣẹ́ àwòrán. Ẹni tó ń nu ìdọ̀tí kó tó lè rán ẹ lọ síléèwé, ṣé o máa wá lọ bá a pé wọ́n gbà ẹ́ síṣẹ́ kí o máa kun ìdọ̀tí? Ojú ń tì mí. Síbẹ̀, mo fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ mi lọ́jọ́ kan, kó sọ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ohun tí mò ń wá kò ju ìyẹn lọ.

Ìlú náà gan-an ò sì tíì jẹ́ ká sinmi. Ìpolówó rẹ̀ ti gba ìgboro kan. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó níbi gbogbo pé, "Wọlé, kí o gbàgbé ibi tí o ti wá." Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti mú èèyàn wá dán an wò. Àwọn èèyàn náà wọlé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní ó rẹwà. Nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ti ń bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan jíjẹ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọ̀gá wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń fi pẹ́ńsùlù há etí, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò wọ́n bí ẹni tó se oúnjẹ tí àlejò kàn ń fi ṣíbí tú wò.

"Kí ló kù?" ló máa ń bi wá. "Ẹ sọ fún mi, kí ló kù?"

Àwa á tún padà sídìí ọ̀dà wa.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n ṣí i, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹbí kan wá ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi wọ bàtà tuntun wá. Bàtà tuntun! Ẹni tó jẹ́ pé bàtà kan ló ń wọ̀ lọ síbi gbogbo láti ọdún mẹ́fà. Torí iṣẹ́ mi ló ṣe rà á.

"Ibo lèyí tí ìwọ kùn wà?" ó bi mí, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì.

"Gbogbo ẹ̀ ni, Àǹtí."

Ó wo ògiri. Ó wo fèrèsé. Ó wo àgbá kan tí mo fi odidi ọjọ́ kan kun ìdógùn-ún sí lára. Mo rí i tó ń wá ohun tó máa sọ.

"Hẹn-ẹn," ó ní. "Ó tóbi."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rìn dé iwájú ilé oníbúrẹ́dì.

Ilẹ̀kùn ilé yẹn ló dojú kọ ẹnu ọ̀nà, òun ni àlejò máa kọ́kọ́ rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kùn ún. Mi ò tíì fi fánííṣì bò ó, torí aago méjì ni ọ̀gá ní òun máa wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ la wà tí fóònù mi fi dún: wọ́n ń pè mí ní yàrá ìkẹ́rùsí, ọ̀dà kan tí wọ́n kó dé kì í ṣe èyí tí a ní kí wọ́n rà.

"Àǹtí, ẹ jókòó sí àtẹ̀gùn yìí. Mò ń bọ̀."

Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Nígbà tí mo padà dé, ẹ̀gbọ́n mi ti bọ́ bàtà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó di aṣọ ìnujú rẹ̀ mú lọ́wọ́ kan, ó di ike omi mú lọ́wọ́ kejì. Ilẹ̀kùn ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Wá wò ó," ó ní. Òógùn ti bò ó, inú rẹ̀ sì ń dùn. "Mo ní kí n tètè bá ẹ nù ún kí ọ̀gá ẹ tó dé. Àwọn tó yẹ kó tún ibí ṣe ò ṣe nǹkan kan. Ojú mi kọ́ ni wọ́n ti máa fi ìwà ọ̀lẹ ba iṣẹ́ ẹ jẹ́."

Ó yẹ kí n gbọ́ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò gbọ́ ọ. Ara mi ti gbóná.

"Ta ló rán yín níṣẹ́?" Mo ń pariwo. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Àǹtí! Ìdọ̀tí tí ẹ nù yẹn, iṣẹ́ mi ni! Èmi ni mo kùn ún, òun ni wọ́n gbà mí fún! Ṣé gbogbo nǹkan lẹ gbọ́dọ̀ fọ̀ ni? Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe nílé Ìyá wa!"

Ẹyin lọ̀rọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́.

Ojú kan wà lára ògiri nílé tí wọ́n ti tọ́ wa, lápá òsì ẹnu ọ̀nà, tí ìyá wa máa ń fọwọ́ tì nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó lè ráyè bọ́ bàtà. Ojoojúmọ́ ni, fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ibẹ̀ fi dúdú tó sì ń dán. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ sin ín, kí èrò tó dé, ẹ̀gbọ́n mi fọ gbogbo ilé. Ilé aládùúgbò ni wọ́n mú mi lọ. Nígbà tí mo dé, ojú yẹn ti funfun báláú. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi gbé ìbínú yẹn mì.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ti ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà, ó gbàgbé ìkejì.

"Ìdọ̀tí lò ń kùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Láti ọdún mẹ́ta?"

"Láti ọdún mẹ́ta."

Ó wo aṣọ ìnujú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń retí kó gbá mi létí. Ṣe ló rẹ́rìn-ín.

"Èmi ń nù ún, àbúrò mi ń kùn ún," ó ní. "Iṣẹ́ ò ní tán nídìí wa láé."

Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò wo ojú mi.

"Nígbà tí mo fún àkísà yẹn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà, mo rí bí omi yẹn ṣe dúdú. Ìgbà yẹn ló tó yé mi, ohun tí mo ṣe. Mi ò lè da omi ọ̀hún nù. Mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ó di ọjọ́ kẹta kí n tó dà á."

Mi ò mọ̀. Gbogbo bí mo ṣe ń bínú láti ọjọ́ yìí wá, kò sígbà tí mo rò ó pé ó dun òun náà. Mo kúnlẹ̀ sínú omi tó dà sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, Àǹtí."

"Dìde, jàre. Ọmọ àlè ló ń rínú tí kì í bí, ọmọ àlè la sì ń bẹ̀ tí kì í gbà." Ó nu imú. "Aago mélòó ni ọ̀gá ẹ ń bọ̀?"

"Aago méjì."

"Aago kan ò tíì lù. Lọ gbé ọ̀dà wá. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ẹ: ìdọ̀tí tó o kùn yẹn, irọ́ ni."

Ìbínú mi tún fẹ́ dìde. Ẹ bá mi wò ó. "Àǹtí, wọ́n kọ́ mi níléèwé bí ìdọ̀tí ṣe ń—"

"A kì í fi ọ̀nà ikùn han ọ̀fun. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń nù ún. Tìẹ kàn wà káàkiri ni, bákan náà lókè, bákan náà nísàlẹ̀, bíi pé ẹnì kan bu pọ́dà sí i. Ìdọ̀tí èèyàn kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó níbi tó máa ń wà. Mo nu ilẹ̀kùn yìí látòkè délẹ̀, mi ò pàdé ẹnì kankan níbẹ̀."

Ohun tí ọ̀gá ti ń bi wá láti oṣù mélòó kan, ẹ̀gbọ́n mi ti fi aṣọ ìnujú rí i.

Mo gbé ọ̀dà wá. Ó dìde, ó fọwọ́ lé ìbàdí bí ẹni tó fẹ́ gba ilé.

"Ta ló ń ṣí ilẹ̀kùn yìí? Oníbúrẹ́dì, àbí? Ṣé ọwọ́ ẹ̀ máa ń ṣófo? Ó gbé tíréè. Ìdí ló fi ń tì í." Ó yíra padà, ó fi ìdí gbá ilẹ̀kùn. "Ibí. Kùn ún síbí."

Mo kùn ún.

"Ẹsẹ̀ ló fi ń ta á dé. Ìsàlẹ̀ níbí, ojú bàtà. Rárá, má kun orí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Orí ẹ̀ máa ń dán, torí àtẹ́lẹwọ́ ló ń nù ún. Abẹ́ ẹ̀ ni kó o kùn. Àwọn ọmọdé ńkọ́? Ara gíláàsì níbí ni wọ́n máa ń gbé imú lé kí wọ́n lè yọjú wo búrẹ́dì. Igun òkè yẹn, fi í sílẹ̀. Kò sẹ́ni tọ́wọ́ ẹ̀ tó ibẹ̀, aláǹtakùn ló ni ín."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, òun ń nàka, èmi ń kùn, tí oníbúrẹ́dì tí kò sí láyé rí wá ń di ẹni tí mo mọ̀. Nígbà tó kan òpó ilẹ̀kùn lápá òsì, ẹ̀gbọ́n mi ò nàka. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e, ní ìwọ̀n èjìká, ó sì fi í síbẹ̀.

Mo po ọ̀dà tó dúdú jù. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, èmi ti ń wá tèmi kiri nínú ìwé.

"Jẹ́ kó dúdú láàárín," ó ní. "Àtàǹpàkò ò sí lára ẹ̀. Ṣé o rántí? Ó máa ń na àtàǹpàkò síta."

Mo ti gbàgbé àtàǹpàkò. Mo nu apá ibẹ̀ kúrò, mo tún un kùn. Nígbà tí mo parí, ẹ̀gbọ́n mi fẹsẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó wò ó pẹ́.

"O mọ iṣẹ́ ẹ," ó ní, ó sì lọ wá bàtà rẹ̀ kejì.

Aago méjì kọjá díẹ̀ kí ọ̀gá tó dé. Ó dúró. Ó yọ pẹ́ńsùlù kúrò létí. Ó tẹ̀ wo ojú imú àwọn ọmọdé lára gíláàsì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Orí òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn ọgbà ló gbà wá, ọ̀kan sì ti kó sí i ní bàtà. Ó gbẹ́sẹ̀ kan sókè láti gbọ̀n ọ́n dànù, ó sì na ọwọ́ láìwò síbi òpó apá òsì.

"Kò tíì gbẹ!" èmi àti ẹ̀gbọ́n mi pariwo pa pọ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú, ó ku ìka kan kó kàn án. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ojú dúdú tó wà lára òpó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbogbo èèyàn ti ń gba iwájú ilẹ̀kùn yìí kọjá, kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ rí.

"Ta ló ń gbé ibí?" ó béèrè jẹ́jẹ́.

"Ìyá wa ni," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

Ọ̀gá wo èmi, ó wo òun. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó wá sọ fún mi pé tó bá ti gbẹ kí n fi fánííṣì bò ó, ó sì lọ.

A jókòó sórí àtẹ̀gùn títí oòrùn fi gbẹ ẹ́. Mo ṣí agolo fánííṣì. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ wo inú rẹ̀.

"Tí o bá fi èyí sí i, omi ò ní lè fọ̀ ọ́?"

"Kò ní lè fọ̀ ọ́."

"Ọṣẹ ńkọ́?"

"Ọṣẹ náà ò ní lè mú un, Àǹtí. Kẹ́míkà tí ẹ fi ń fọ ilé ìwòsàn pàápàá ò tó bẹ́ẹ̀."

Mo na búrọ́ọ̀ṣì sí i. Ó kọ́kọ́ wò mí, kó tó gbà á. Ó fi fánííṣì kun ibi tí ọwọ́ Ìyá wa wà lẹ́ẹ̀kan, ó tún kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ó tún kùn ún lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó, àmọ́ mi ò dá a dúró.