Aṣọ Ìsìnkú Yawri

Òkun gbé Yawri apẹja, ó sì dá òkú rẹ̀ padà sórí iyanrìn. Karwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin, jókòó ti aṣọ tí a ó fi wé e. Irun pupa láámà, ẹran ọ̀sìn tó jọ àgùntàn, ló fi ń ya àbùùbùtán sí i, ẹja ńlá inú òkun tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe é. Àbùùbùtán yẹn ló ń gbé òkú tiwa la òkun já dọ́dọ̀ àwọn baba wa.

Ṣùgbọ́n àwọn ará òkè ti ṣẹ́gun wa. Ajẹ́lẹ̀ wọn, Rimachi, ti pàṣẹ pé ẹkùn òkè, tí í ṣe àmì ọba wọn, nìkan ni kí á máa yà sára aṣọ òkú. Ó kó ẹ̀ṣọ́ wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ wo iṣẹ́ náà, ó sì rọra sọ fún Karwa pé kó tú u, kó ya ẹkùn.

Karwa ò gbójú sókè. "Bàbá mi ò rí ẹkùn rí láyé ẹ̀. Tí wọ́n bá jọ dé inú òkun, ta ni yóò gbé ẹnì kejì nínú wọn?"

A bú sẹ́rìn-ín, tòun ti ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ wá. Ẹ̀rín yẹn ló bí Rimachi nínú. Ó ní kí wọ́n já aṣọ náà gbà, ó sì jù ú sínú iná. Òórùn irun jíjó gba gbogbo agbolé.

"Ẹ sin ín níhòòhò," ó ní.

Karwa ò sunkún. Ó dìde, ó bọ́ ìborùn rẹ̀, èyí tó ti ń ya àbùùbùtán sí létí láti ìgbà ọmọge, ó tẹ́ ẹ bo baba rẹ̀.

"Ẹ wá bọ́ eléyìí náà lára òkú."

Rimachi ṣẹ́jú sí ẹ̀ṣọ́ kan. Ẹ̀ṣọ́ náà ń wo ilẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn náà, èèwọ̀ ni kéèyàn bọ́ aṣọ òkú.

Àbúrò ìyá mi bọ́ tirẹ̀. Èmi náà bọ́ tèmi. Gbogbo obìnrin agbolé ń bọ́ ìborùn lé e, títí Yawri fi tóbi ju ọkọ̀ rẹ̀ lọ, tí àwọn ọkùnrin fi ń mí hẹlẹ bí wọ́n ti ń gbé e lọ síbi ìsìnkú.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ wá mú Karwa lọ máa ru òkúta níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà. Oòrùn ń jó èjìká rẹ̀ tí kò ní ìborùn mọ́. Iwájú àwọn ẹ̀ṣọ́ ló ń rìn, àwọn ni wọ́n ń sáré tẹ̀ lé e.