Mi Ò Bá Yín Lọ Mọ́

Nígbà tí Ìyá Nafeesah kọ́kọ́ búra pé òun ò ní bá ọkọ òun rìnrìn àjò mọ́, orí òkè ló wà ní Adó-Àwáyè, bàtà ẹyọ kan ló sì kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èkejì ti bọ́ sínú pàlàpálá òkúta nígbà tí wọ́n ń gòkè. Mùktárù ọkọ rẹ̀ ti wà lókè lọ́hùn-ún, ó ń fi fóònù ya fọ́tò adágún omi. Ìyá Nafeesah pè é títí ohùn rẹ̀ fi fẹ́ há. Kò dáhùn, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ wo ọkùnrin yìí," ó sọ fún obìnrin kan tó ń gòkè bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ni."

Ìsíátù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Nafeesah ni gbogbo ará ilé wọn ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀, mọ̀ ọ́n sí. Yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé ló ń rán ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ailegun. Ìjókòó mọ́tò ni Mùktárù ní tirẹ̀ ń rán aṣọ sí, ní Bọ́ládé, l'Ọ̀ṣòdì. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá kan níbẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké ramúramù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí àwọn ọlọ́jà àti àwọn agbèrò ń fi igbe dá ara wọn lóhùn níta.

Ọdún tí àbígbẹ̀yìn wọn wọ yunifásítì ni àìsàn ìrìn àjò yìí bẹ̀rẹ̀. Bí Ìyá Nafeesah ṣe ń pè é nìyẹn, àìsàn. Mùktárù jí lọ́jọ́ kan, ó ní òun ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ilẹ̀ tí òun mọ̀ kò ju Ọ̀ṣòdì, Ìsọlọ̀ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti bí òun lọ. Ó ní Ọlọ́run dá òkè, ó dá omi, ó dá igbó, ṣé àwọn òyìnbó nìkan ló yẹ kó máa wá wò ó ni? Ó tún mọ́tò Síẹ́nà àtijọ́ tó ní ṣe, ó yọ ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, ó ní àwọn méjèèjì yóò máa lọ pàgọ́ kiri.

"Ká pàgọ́ kẹ̀?" ni Ìyá Nafeesah wí. "Ṣé a ò nílé ni?"

Síbẹ̀, ó bá a lọ. Ó bá a lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ti gbàgbé ìṣáná sílé, tó jẹ́ pé gàrí ni wọ́n mu láàárọ̀, wọ́n tún un mu lọ́sàn-án. Ó bá a lọ sí Ìkọ̀gọ̀sì. Ìrìn tí kò yẹ kó ju wákàtí márùn-ún lọ gbà wọ́n ní mẹ́sàn-án, nítorí Mùktárù kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni ti Adó-Àwáyè tí bàtà rẹ̀ bá lọ. Ó ní ó tó.

Àmọ́ lẹ́yìn Iléyá, Mùktárù gbé nǹkan ràgàjì kan wọlé, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní pálọ̀. Àgọ́ ni. Tapólì aláwọ̀ búlúù ló fi ṣe é, ó fi awọ ìjókòó mọ́tò gbá etí rẹ̀ yíká. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni tó kọ́lé alájà méjì. Ó ní inú igbó ìjọba ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni wọ́n máa lò ó, níbi tí ẹranko pọ̀ sí.

Ìyá Nafeesah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ tọ ojú rírán rẹ̀. Aránṣọ ni òun náà.

"Bàbá Nafeesah, ihò abẹ́rẹ́ yín ti tóbi jù. Bí òjò bá rọ̀, á jò. Ẹ wá gọ́ọ̀mù fi kun ojú rẹ̀."

Mùktárù ń yí àgọ́ náà po, ó ń fọwọ́ pa á.

"Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Ó dáa gan-an, àbí?" ló fi dá a lóhùn.

Ìyá Nafeesah wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ì bá má lọ rárá, àfi bí Nafeesah ọmọ wọn ṣe pè é láti Ìbàdàn tó ń bẹ̀ ẹ́. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ mọ̀ pé wọ́n máa dá lọ tí ẹ ò bá bá wọn lọ." Òótọ́ ni. Ó sì mọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń wa mọ́tò láìpẹ́ yìí, tí tírélà á máa fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀ tí kò ní yà fún un. Agídí, ó rò pé agídí ni.

Wọ́n gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Nafeesah ti fi máàpù tó ń sọ̀rọ̀ sórí fóònù bàbá rẹ̀. Wọn ò tíì kúrò ní Ọ̀ṣòdì tí Mùktárù fi pa ohùn rẹ̀.

"Kí lẹ pa á sí?"

"Ariwo lásán ni. Mo mọ ọ̀nà."

Kò mọ ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n kọjá Ìsẹ́yìn tán, ó yà sọ́wọ́ òsì níbi tí kò yẹ kó yà sí. Ìyá Nafeesah sọ fún un lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, títí wọ́n fi rí àkọlé pé Ìgànnà làwọn ń wọ̀. Ó fipá mú un dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ́kadà kan, ó sì béèrè ọ̀nà. Ọkùnrin náà ṣàlàyé yékéyéké pé kí wọ́n yí padà. Mùktárù ń mi orí bíi pé ó ń gbọ́ wáàsí. "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Ló bá tún kọrí síwájú.

"Ó ní kí ẹ yí padà!" Ìyá Nafeesah fọwọ́ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù. "Ẹ yí padà! Kí ni mo ṣe fún yín gan-an?"

Ìgbà yẹn ló tó wo ẹnu rẹ̀, tó yí mọ́tò padà.

Àsìkò Àsárì ni wọ́n dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ẹ̀ṣọ́ igbó tó gbà wọ́n, ọkùnrin gíga kan tó ti ń hewú, tó ń jẹ́ Ayọ̀kúnmi, mú wọn dé ibi tí wọ́n lè pàgọ́ sí. Nígbà tó ń lọ, ó dúró lẹ́yìn wọn, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ o, ẹ má dá sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò láàárọ̀. Àwọn ẹfọ̀n máa ń wá mumi níbẹ̀." Mùktárù ń kan èèkàn mọ́lẹ̀. Ó tún mú òmíràn, ó kàn án.

Òjò bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó jẹun alẹ́. Àgọ́ jò gẹ́gẹ́ bí Ìyá Nafeesah ti wí, láti ojú abẹ́rẹ́, tó-tó-tó, sórí ìrọ̀rí, sínú ìrẹsì. Inú mọ́tò ni wọ́n padà sùn. Ìyá Nafeesah kò bá a jà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìjà.

Nígbà tó kírun Àsùbáà tán, tí ilẹ̀ sì mọ́ kedere, ó wá kẹ́tù tì. Ó gbójú sókè, ó rí Mùktárù tó gbé kẹ́tù náà dání, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò. Ní iwájú rẹ̀, kò ju ibi tí ọmọdé lè ju òkúta dé lọ, ẹfọ̀n kan dúró sínú koríko. Ó dúdú, ó fẹ̀, omi ń kán ní irun àgbọ̀n rẹ̀. Mùktárù dorí kodò, ilẹ̀ tó ń yọ̀ ló ń wò.

"Bàbá Nafeesah!"

Ó ń lọ.

"Mùktárù!" Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, kò fi orúkọ yẹn pè é rí. Àwọn ẹyẹ fò lórí igi. Ẹfọ̀n náà gbé orí sókè. Mùktárù kò dúró.

Ayọ̀kúnmi ló gbọ́ ọ. Ó sáré já láti ẹ̀gbẹ́ igbó, ó di ẹ̀wù Mùktárù mú láti ẹ̀yìn, ó sì fà á díẹ̀díẹ̀ sẹ́yìn igi ńlá kan. Ẹfọ̀n náà fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, ó fọn imú, ó wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà ló yí ìdí padà, ó wọ igbó lọ.

"Kí ló dé?" ni Mùktárù ń béèrè. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ayọ̀kúnmi bojú wo Ìyá Nafeesah tó ti sáré dé ọ̀dọ̀ wọn. "Ìyá, bàbá ò gbọ́ràn ni?"

Ó fẹ́ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, pé kò gbọ́ràn rí láyé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó dúró. Ó lọ sẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́bàá etí òsì rẹ̀, gbàà. Mùktárù ò mira.

Ìyá Nafeesah jókòó sórí gbòǹgbò igi. Mùktárù náà jókòó.

"Láti ìgbà wo?" Ó rí i dájú pé ọkọ rẹ̀ ń wo ẹnu òun.

"Ó ti tó ọdún mẹ́rin. Ti òsì ti lọ pátápátá. Ti ọ̀tún ṣì ń gbọ́ díẹ̀, bí ibi tí a wà bá dákẹ́."

"Tí ẹ ò sì sọ fún mi! Tí ẹ ń wa mọ́tò!"

"Oníbàárà wo ló máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ fún adití?"

"Èmi kì í ṣe oníbàárà yín!"

Mùktárù ń fi ìka fa koríko tu. "Ní Bọ́ládé, mi ò gbọ́ nǹkan kan àfi ariwo tó ń hó. Nílé, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kì í jẹ́ kí n gbọ́. Ọjọ́ tí a lọ sí Ìkọ̀gọ̀sì, tí a jókòó síbi tí kò sí èèyàn, mo gbọ́ ohùn rẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn."

"Ní Ìkọ̀gọ̀sì? Èébú ni mo bú yín ní Ìkọ̀gọ̀sì, láti ìrọ̀lẹ́ dé ìgbà tí a sùn!"

"Mo gbọ́ ọ," ni Mùktárù wí. "Gbogbo rẹ̀ pátá."

Omi bọ́ lójú Ìyá Nafeesah, kò sì mọ̀ bóyá ìbínú ni tàbí àánú. Ó nawọ́. "Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"O ò wa mọ́tò mọ́ látìgbà tó o ti kọlu géètì."

"Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá, Bàbá Nafeesah. Mi ò bá yín lọ mọ́. Ẹ̀yin lẹ máa bá mi lọ."

Òun ló wa mọ́tò dé Ìsọlọ̀. Èjìká rẹ̀ le bíi pákó. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà sì sọ pé ariwo ẹ̀rọ ló ba etí náà jẹ́, pé ti òsì kò ní padà bọ̀ sípò. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sí ti ọ̀tún. Mùktárù kórìíra ẹ̀rọ náà. Ó ní ó ń súfèé. Ó máa ń yọ ọ́ sápò, wọ́n á jà lé e lórí, ó tún máa ń fi í padà. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi jà, kí ó tó mọ́ ọn lára.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n tún lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Wọ́n jókòó síwájú mọ́tò láàárọ̀, wọ́n ń mu tíì. Ẹyẹ pupa kékeré kan bà sórí ẹ̀ka nítòsí, ó la ẹnu, ó ń ké. Mùktárù tẹ etí sí i, ó tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe, ó mi orí.

"Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín jù fún mi. Kí ló ń wí?"

"Ṣé mo gbédè ẹyẹ ni?"

Mùktárù kàn ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń dúró.

Ìyá Nafeesah wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn àlejò mìíràn wà lábẹ́ igi kejì, wọ́n ń dín ẹyin. Ó mí kanlẹ̀, òun ìyá àgbà ọlọ́mọ-ọmọ mẹ́ta, ó ká ètè, ó sì ké bí ẹyẹ náà ṣe ń ké, lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tó ń dín ẹyin yíjú.

"Tún un ṣe," ni Mùktárù wí.

"Bàbá Nafeesah, ẹ jẹ́ kí n mu tíì mi!"

Àmọ́ ó gbé kọ́ọ̀pù náà sílẹ̀.