Ọkọ̀ Tó Ń Mu Omi

"Àpótí ìwé mẹ́rìnlá ni mo rí, Àǹtí Odile. Bàbá sọ fún mi pé ohun kan ṣì kù."

Bénédicte Malestroit ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó dúró sí àárín yàrá àlejò Odile nínú aṣọ ọ̀fọ̀, ó sì kọ̀ láti jókòó. Aago ṣọ́ọ̀ṣì ti ń dún láti orí òkè. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ sin bàbá rẹ̀, gbogbo ìlú Porz-Avel sì ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Àwọn ọlọ́pàá tó wá láti Paris ti fi okùn dí ọ̀nà èbúté, nítorí òkú náà kì í ṣe òkú ẹni kékeré. Corentin Malestroit ni, ọmọ olùkọ́ tó ṣe olórí ìlú yìí, tó ti ibẹ̀ di aṣòfin, tó di mínísítà ọ̀rọ̀ òkun, tó sì wá jókòó sórí àga ààrẹ ilẹ̀ Faransé fún odidi ọdún méje.

Odile Guéguen tẹjú mọ́ bàtà ọmọbìnrin náà. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà, nílẹ̀ ọ́fíìsì bàbá rẹ̀, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́ títí tí irun rẹ̀ fi funfun, akọ̀wé Malestroit ni. Kò lọ́kọ, kò bímọ.

"Kí ló ní ó kù?" ó béèrè.

"Ẹ̀dà lẹ́tà kan. Ó ní ẹ ò ní tíì jó o, torí pé ẹ kì í sọ bébà nù." Bénédicte rẹ́rìn-ín orí ètè. "Ẹ wò ó, Àǹtí, ọ̀sẹ̀ tó lò kẹ́yìn láyé, kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó kàn ń bi mí ṣáá pé ṣé ọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ tutù yẹn ti lọ. Mo ní ọkùnrin wo? Ó ní kí n bi Odile."

Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, Odile ti rò pé òun nìkan ni ọkùnrin náà ń wá bá.

Ọdún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn ni, nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò kì í dá ní etíkun. Jakez Cadiou, ọ̀gá atukọ̀ lórí ọkọ̀ ìpẹja tí wọ́n ń pè ní Marie-Josèphe, wọ ọ́fíìsì olórí ìlú láìkan ilẹ̀kùn. Omi ń kán tótó lára kóòtù rẹ̀ sórí pákó ilẹ̀. Ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́ bí ọmọ ilé-ìwé.

"Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, olórí ìlú ni mo fẹ́ rí."

"Wọn ò sí níbí."

Malestroit wà níbẹ̀. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kejì, òun àti Dréano tó ni ọkọ̀, tó tún ń náwó sí ètò ìbò rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Odile ti tẹ lẹ́tà kan lórúkọ Malestroit sí ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò: kí ó jọ̀wọ́ fi ọwọ́ sí ìwé Marie-Josèphe kó lè lọ sójú òkun, tó bá dé ni wọn yóò tún ìdí rẹ̀ ṣe, kò sì yẹ kí a torí ọ̀rọ̀ kékeré dá iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró.

Bí Jakez ti dúró síbẹ̀ ni Dréano bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Jakez wo ilẹ̀kùn, ó wá wo Odile.

"Ẹ bá mi sọ fún ẹni tí kò sí níbí yẹn pé ọkọ̀ náà ń mu omi," ó wí. "Ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde ti kú. Bí n kò bá wà á lọ lọ́la, Dréano á gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹni yẹn ò sì ní mọ ibi tó ti ń ṣàìsàn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n."

Àánú ṣe Odile. Ó bu ọtí èso ápù sínú ife fún un, kí ara rẹ̀ lè móoru. Jakez mi orí. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Gwenaël ọmọ òun ni òun kò ti fẹnu kan ọtí mọ́, ọmọ ọ̀hún sì ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ náà rì. Ọkùnrin méje ló bá a lọ, Jakez sì ni ìkeje wọn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó, òṣìṣẹ́ Dréano kan búra pé òun rí ọ̀gá atukọ̀ tó ti mutí yó kó tó wọkọ̀. Kò sẹ́ni tó bi Odile léèrè ohunkóhun, Odile náà kò sì lanu sọ ohun tó mọ̀. Olórí ìlú sunkún níwájú àwọn opó mẹ́fà, ó ní kí Ọlọ́run foríji ẹni tí ọtí sọ di aláìmọ̀kan. Rédíò gbé ẹkún náà káàkiri ilẹ̀ Faransé. Ẹkún yẹn ló gbé Malestroit dé ilé aṣòfin.

Opó keje, Armelle Cadiou, kò rí owó ìrànwọ́ kankan gbà. Wọ́n fi ọ̀dà kọ "apànìyàn" sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn opó yòókù ń tutọ́ sílẹ̀ bó bá ń kọjá. Odile àti Armelle jọ dàgbà ni, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ kọ́kọ́ gba oúnjẹ Olúwa, àmọ́ láti ìgbà náà ni Odile ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ sílé kí ojú wọn má baà pàdé.

Ìgbà náà ni omi bẹ̀rẹ̀. Ní Paris, ní ọ́fíìsì mínísítà, ní ààfin ààrẹ pàápàá, Odile á gbójú kúrò nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, á rí ipasẹ̀ bàtà tútù láti ẹnu ọ̀nà títí dé iwájú tábìlì rẹ̀. Kì í rí ipasẹ̀ tó padà jáde. Á sáré lọ mú aṣọ ìnulẹ̀, kó tó dé, ilẹ̀ á ti gbẹ. Ó lọ rí dókítà, dókítà ní kó máa sinmi. Lọ́jọ́ tí Malestroit gbé òfin kalẹ̀ pé ọkọ̀ tó bá ti bàjẹ́ kò gbọdọ̀ jáde lébùúté, tí gbogbo ilé aṣòfin dìde pàtẹ́wọ́ fún un, Odile ló tẹ òfin náà. Ilẹ̀ tutù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn débi pé ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè sórí àga.

"Àǹtí, ẹ fún mi ní lẹ́tà náà," Bénédicte ń wí. "Ilé ìkàwé tí a kọ́ ní orúkọ rẹ̀, lóṣù tó ń bọ̀ la máa ṣí i. Kí làǹfààní kí èèyàn máa hú òkú jáde?"

"Lẹ́tà náà wà," Odile dáhùn. "Àmọ́ n kò ní fún ọ."

Ohùn Bénédicte ti di ohùn bàbá rẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ tó fi ń lé èèyàn kúrò níṣẹ́.

"Ilé tí ẹ ń gbé yìí, ṣé ẹ rántí orúkọ ẹni tó wà lórí ìwé rẹ̀?"

"Mo rántí. Èmi ni mo tẹ ìwé náà."

"Ẹ tètè máa wá ibòmíràn nígbà náà."

Nígbà tí ọkọ̀ Bénédicte ti lọ, Odile ṣí àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó yọ bébà pẹlẹbẹ kan tó ti pọ́n, ó tì í bọ àpò kóòtù rẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé sórí tábìlì. Ìlú dá páropáro. Ó rìn gba ẹ̀yìn ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń gbọ́ orin ológun bó ṣe ń lọ, títí ó fi dé ilé àwọn arúgbó.

Armelle wà lórí àga onítáyà nínú yàrá rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ń fi ìsìnkú hàn, ṣùgbọ́n ó ti pa ohùn rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Odile ni. Odile Guéguen."

"Haa. Wọ́n ti wá la ọ̀nà ibí fún ọ lónìí?"

Odile yọ lẹ́tà náà, ó kà á sókè. Nígbà tó parí, Armelle ní, "Tún un kà." Ó tún un kà.

"O rí i lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo rí i. Ó ní kí n sọ fún ọ̀gá pé ọkọ̀ ń mu omi. Ọ̀gá wà nílé, mo ní kò sí. Mo gbé ọtí fún un, Armelle, ó kọ̀ ọ́."

"Ṣé èmi lò ń sọ ìyẹn fún? Ọkọ mi, tá a jọ ń sùn, n kò ní mọ̀ bí ọtí bá wà lẹ́nu rẹ̀?" Ó nawọ́ mú fóònù rẹ̀ lórí ibùsùn. Wọ́n ti fi bébà lẹ nọ́ńbà kan ṣoṣo mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. "Gwenaël ló ni eléyìí. Ó wà ní Kánádà, ó ń gé igi. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, kò sí ọkọ̀ kankan lébùúté yìí tó fẹ́ gbà á, wọ́n ní ọmọ ọ̀mùtí ni. Ó bi mí pé, 'Màmá, ṣé òótọ́ ni?' Mo ní irọ́ ni. Ó ní ẹ̀rí ńkọ́? Ibo ni kí n ti mú ẹ̀rí? Ọwọ́ rẹ ló wà. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tó ti lọ. Á pè mí ní Kérésì, á bi mí bóyá ara mi le, ó parí." Ó na fóònù náà sí i. "Gbà. Ìwọ ni kó o sọ ọ́. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́."

Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

"Màmá? Ṣé kò sí?"

"Kì í ṣe màmá yín. Odile Guéguen lorúkọ mi. Èmi ni akọ̀wé olórí ìlú lọ́dún tí ọkọ̀ bàbá yín rì."

Ó sọ ọ́ tán. Ó sọ ti lẹ́tà, ó sọ ti ilẹ̀kùn, ó sọ ti ẹ̀rín Dréano àti ife ọtí tí Jakez kò gbà. Kò sọ pé wọ́n rán òun níṣẹ́ ni. Ajá kan ń gbó lọ́nà jíjìn lọ́dọ̀ ọkùnrin náà, ó sì gbó títí tó fi dákẹ́.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?" Gwenaël béèrè.

"Láti ọjọ́ náà gan-an."

Ó mí kanlẹ̀. "Nígbà tí mo gbéyàwó, orúkọ bàbá ìyàwó mi ni mo gbà. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ń jẹ́ Cadiou. Mo sọ fún wọn pé n kò mọ bàbá mi." Ó gbé fóònù sílẹ̀.

"Kí ló wí?" Armelle béèrè.

Nínú tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ ogun ojú omi mẹ́jọ ń gbé pósí sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Odile sọ ohun tí Gwenaël wí, láìyọ ọ̀rọ̀ kan, láìfi ọ̀kan kún un, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ ti rí láti ìgbà èwe.

Armelle kò sunkún. Ó tún ọwọ́ súwẹ́tà rẹ̀ ṣe.

"Ọmọ mẹ́ta," ó wí. "Kò sọ fún mi rí pé òun bímọ."